Ọkọ̀ Mọ́tò ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọdún 1906 dé Ìgbà Ọkọ̀ Ṣáínà

Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ni ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ tí ìjọba là ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1906 ni wọ́n là á, nígbà tí Aláàfin Lawani Agogo-Ìjà wà lórí ìtẹ́, ìjọba sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Reluwé tí ó ti Èkó bọ̀ ti wọ Ìbàdàn ní 1901, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún gbéra, kò yà sí ìhà Ọ̀yọ́. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó gbà: ó gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá, ó wọ Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀yọ́ tí í ṣe ìlú Aláàfin kò rí ọ̀nà irin. Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó kún fún oníṣòwò bí ilé oyin, òun náà kò rí i. Báyìí ni ìlú méjèèjì ṣe di ìlú ọkọ̀ mọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Kí mọ́tò tó rìn, ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Àdá, ọkọ́ àti agbọ̀n ni irinṣẹ́ ìgbà náà. Ajẹ́lẹ̀ a sọ fún ọba, ọba a sọ fún baálẹ̀, baálẹ̀ a sọ fún olórí agbo ilé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a sì jáde lọ sí ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ ìlú kì í ṣe ohun àjòjì láàárín Yorùbá. Ará ìlú a máa yẹ ọ̀nà odò, wọn a máa mọ odi, wọn a sì máa tún ààfin ọba ṣe, ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè owó ọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ ọ̀nà odò ni yóò pọn omi níbẹ̀. Ẹni tí ó la ọ̀nà mọ́tò ní ayé ìgbà náà kò ní mọ́tò tí yóò gbà á. Nígbà tí àwọn ará Òkèihò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba ní 1916, iṣẹ́ àfipáṣe wà lára ohun tí ó ń dùn wọ́n lọ́kàn, pẹ̀lú ilé-ẹjọ́ tuntun àti agbára tí ìjọba gbé lé àwọn kan lọ́wọ́ kọjá bí àṣà ti gbà. Ìjọba fi ìbọn pa ìdìde náà. Bí a bá fẹ́ ka iye tí ọkọ̀ mọ́tò ná àwọn ará àgbègbè Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìṣirò náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ọkọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wá gba ojú ọ̀nà kan lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918 kì í ṣe odindi ọkọ̀. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn òde òní dá lé, bí àwọn tí ń jiyàn kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, ìbáà ṣe Ford tàbí Chevrolet ti Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe Bedford tàbí Austin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa fi ẹ́ńjìnnì, táyà àti egungun irin ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, nígbà mìíràn pẹ̀lú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, ṣùgbọ́n láìní ara. Káfíńtà ilẹ̀ yìí ni ó ń kan ara fún un. Òun ni ó ń ṣa igi líle tí kòkòrò kò ní jẹ, tí òjò kò sì ní tètè rà. Ó fi ṣe òpó, ó fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó to bẹ́ǹṣì sí i ní ìbú, ó sì bo orí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ rọ ìdè irin tí yóò so igi mọ́ irin. Ẹni tí ń fi ọ̀dà kọ̀wé wá kọ orúkọ olówó ọkọ̀ sí i lára, ó sì kọ àdúrà tàbí òwe sí iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí gbogbo èyí bá parí ni ọkọ̀ tó di bọ́lẹ́kájà tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe pín. Owó egungun àti ẹ́ńjìnnì Bedford lọ sí Luton, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Owó igi wá sọ́wọ́ àwọn tí ń la pákó. Owó iṣẹ́ wá sọ́wọ́ káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti ọlọ́dà. Ara ọkọ̀ igi kì í pẹ́ bíi ti irin, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í tán, nítorí náà iṣẹ́ kì í wọ́n. Ọkọ̀ náà ni ewu tirẹ̀: nígbà tí ó bá ṣubú, igi a máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn èrò inú rẹ̀ a sì fara pa ju bó ti yẹ lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà wúrà ni. Síbẹ̀ òtítọ́ ni pé ìdajì ọkọ̀ ni a ń rà lọ́wọ́ òyìnbó, a sì ń ṣe ìdajì fúnra wa, láìsí pé ìjọba kankan ṣe òfin rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí mú ìrú ìkọ́ṣẹ́ kan wá tí kò sí ní Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, inú ìdílé ni iṣẹ́ wà. Ọmọ oníṣọ̀nà awọ ni ń ṣọnà awọ, ọmọ agbẹ́gilére ni ń gbẹ́gi, ọmọ afíngbá ni ń fín igbá. Bàbá ni ọ̀gá, owó oúnjẹ ọmọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn. Iṣẹ́ mọ́tò kò ní ìdílé. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàfọ̀ àti ọmọ mùsùlùmí tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní kéú, gbogbo wọn ni ó lè kọ́ ọ, bí òbí wọn bá lè san owó ìkọ́ṣẹ́. Àwọn òbí a fi owó àti ọtí tàbí obì lọ bá ọ̀gá, wọn a dá ọdún fún un, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọmọ a sì máa sìn ín. Láàárín ọdún wọ̀nyí kò sí owó oṣù. Ọmọṣẹ́ a pọn omi ọ̀gá, a gbálẹ̀ ìsọ̀, a dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò nínú ẹrọ̀fọ̀, ohun tí ọ̀gá bá fún un ní ọjọ́ kan ni tirẹ̀. Ní òpin rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ òmìnira fún un, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà, tí yóò sì fa irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ gidi ni, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó kọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó sì tún jẹ́ iṣẹ́ tí a kò san owó rẹ̀. Òtítọ́ méjèèjì ni, ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ lórí owó ìjọba àti ọkọ̀ mọ́tò bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀. Mọ́tò ń gba ẹrù lọ́wọ́ reluwé. Reluwé jẹ́ ti ìjọba, gbèsè tí wọ́n fi kọ́ ọ sì wà lọ́rùn ìjọba. Nítorí náà ìjọba gbé owó ìwé àṣẹ mọ́tò ga kí ọkọ̀ akẹ́rù má baà pa reluwé. Fún ará Òṣogbo, ó ṣeé ṣe kí èyí ní ìtumọ̀, nítorí ó ní reluwé tí ó lè wọ̀. Ṣùgbọ́n fún ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí kò rí ọ̀nà irin ni ìjọba ní kí ó máa sanwó ààbò fún un! Ní 1937 àwọn onímọ́tò daṣẹ́ sílẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí kò tíì di lọ́yà nígbà náà, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tí ó mọ ìtàn Awólọ́wọ̀ a máa fi ìdáṣẹ́sílẹ̀ yìí kún iṣẹ́ rere rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sọ ni pé ẹ̀dùn àwọn olówó ọkọ̀ ni ó wà nínú ìwé ìbéèrè náà. Awakọ̀ tí kò sùn láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń rọ̀ mọ́ irin nínú òjò, kò sí ẹni tí ó ka wákàtí tiwọn.

Ní 1952 ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, di mínísítà ọ̀ràn iṣẹ́ ní ìjọba àárín gbùngbùn ní Èkó. Òfin iṣẹ́ tí ó bá nílẹ̀ mọ ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ reluwé àti lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọmọṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ igi ní ìlú mínísítà fúnra rẹ̀ jìnnà sí i. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí a ti ń ka òṣìṣẹ́ nígbà náà ni, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń kà á di òní.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tún mọ ìrú òfin mìíràn, èyí tí kì í gbé owó lé ọjà bí kò ṣe pé ó ń lé ọlọ́jà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń lọ sí Gold Coast, pàápàá ìhà àríwá rẹ̀, tí wọ́n ń ta aṣọ àti wọ̀sìwọ́sì, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé sí ìlú wọn láti inú èrè rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé gbígbé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wá sí ilé tí wọn kò bí wọn sí, pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí gbé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní yà á lẹ́nu pé nígbàkúùgbà tí a bá dárúkọ bodè ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà kì í fi ṣeré.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni owó epo dé, ìjọba àpapọ̀ sì pinnu pé Nàìjíríà yóò máa ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé-iṣẹ́ oníṣòwò bíi UAC, Leventis àti SCOA ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí ìjọba bá àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ṣe àdéhùn: Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní 1975, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún kan náà, lẹ́yìn wọn ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rin, Mercedes ní Enugu, Steyr ní Bauchi, Fiat ní Kano, àti Leyland ní Ìbàdàn. Ti Ìbàdàn ni ó kan ìtàn yìí jù, nítorí ìlú náà ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì rọrùn fún ọ̀dọ́ tí ó ti Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti wáṣẹ́ débẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ń to mọ́tò ní àgbègbè yìí lè wọ aṣọ iṣẹ́, kí ó gba owó ní òpin oṣù, kí ó ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò gbẹnu sọ fún un. Kò yẹ kí a fojú kéré èyí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti káfíńtà bọ́lẹ́kájà. Ọkọ̀ títúpalẹ̀ ni ó ń ti òkè òkun dé nínú àpótí, òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí sì ń tò ó. Ètò wọn ni pé díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa ṣe ohun inú rẹ̀ níhìn-ín. Gíláàsì, bátìrì, táyà àti àga ni a rí ṣe dé ìwọ̀n kan; ẹ́ńjìnnì kò bọ́ sí i rárá. Nígbà tí iye owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí ìjọba Shagari sì fi òfin 1982 dí ọ̀nà ọjà òkè òkun, àpótí kò dé mọ́ bó ti yẹ. Nígbà tí ètò SAP dé ní 1986 tí náírà sì ṣubú, iye owó ọkọ̀ tuntun fò kọjá ọwọ́ olùkọ́ àti akọ̀wé tí ó ti ń rà á tẹ́lẹ̀. Kí ọdún 1995 tó dé, Volkswagen ti dáwọ́ dúró ní Èkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí jọ lè to ọkọ̀ kékeré 108,000 àti ọkọ̀ akẹ́rù 56,000 lọ́dọọdún bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ dé òpin agbára wọn. Wọn kò ṣe é débẹ̀ rí. Ní àkókò kan náà, bọ́ọ̀sì onírin ti lé bọ́lẹ́kájà kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ káfíńtà sì ti padà sí kíkan àga àti ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ àtijọ́ lọ, iṣẹ́ tuntun kò dúró.

Ohun tí ó kún àlàfo náà ni tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí àwọn ará Yúróòpù ti lò tán ń gúnlẹ̀ ní Kútọnu, ó ń gba orí ilẹ̀ wọlé. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ ibodè. Oníbodè wà ní ẹnu odi gbogbo ìlú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ó ń gba owó lọ́wọ́ alájàpá, ó ń jẹ díẹ̀, ó ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí ìjòyè tí ó ni bodè náà. Ẹni tí owó bodè bá ga jù fún a máa wá ọ̀nà inú igbó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ọkọ̀ má ṣe gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2017, àti nígbà tí wọ́n ti bodè pátápátá láti oṣù kẹjọ 2019 sí oṣù kejìlá 2020. Tòkunbọ̀ fún mẹkáníìkì ní iṣẹ́ púpọ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó ti gbó kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tí ń tún un ṣe. Àwọn tí ń lu irin ara mọ́tò, àwọn tí ń so wáyà, àwọn tí ń lẹ táyà, gbogbo wọn rí jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe ni, kò sí nǹkan tuntun tí a ń fi kún ọkọ̀.

Alùpùpù ni ó kọ́kọ́ mú Ṣáínà wọ ilé àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn SAP, tí bọ́ọ̀sì kò tó, tí iṣẹ́ ìjọba sì wọ́n, ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù kó èrò, èyí tí a wá ń pè ní ọ̀kadà. Honda, Suzuki àti Yamaha ti Japan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn. Nígbà tí ọ̀rúndún tuntun fi wọlé, ti Ṣáínà ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Jincheng AX100 jọ Suzuki AX100 bí ìbejì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti èkejì rẹ̀ púpọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a kíyè sí: inú àpótí ni púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù náà ń dé, mẹkáníìkì tí ó wà ní ìsọ̀ oníṣòwò ni ó ń tò wọ́n. Bí a ti ń tò ó náà ni a ń mọ inú rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀, kò sí ohun tí ó wà nínú alùpùpù Ṣáínà tí ọmọṣẹ́ ọlọ́dún méjì ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè tú.

Ẹni tí ń gùn ún ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò ní owó tí ó lè ra alùpùpù lẹ́ẹ̀kan. Olówó a rà á, a gbé e fún wọn, wọn a sì máa san iye kan lọ́sẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Iye tí wọ́n ń san níkẹyìn a máa ju owó ọjà lọ dáadáa. Bí òjò rọ̀, bí ara kò yá, bí àwọn ọlọ́pàá gbé e, owó ọ̀sẹ̀ kò yí padà. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ wọ́n ní ìtọ́jú bí wọ́n bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Alùpùpù kò wọ́n. Ẹsẹ̀ àwọn tí ń gùn ún ni a fi san ìyókù owó rẹ̀.

Nísinsìnyí ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré Ṣáínà ti tẹ̀ lé alùpùpù. Ní 2023 Ṣáínà ta ọkọ̀ 4,910,000 sí òkè òkun, ó sì kọjá Japan. Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá bẹ̀rù. Ní 2024 Amẹ́ríkà gbé owó ibodè ọkọ̀ oníná Ṣáínà láti ìdá 25 dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún; ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi àfikún lé ìdá 10 tí ó wà nílẹ̀, 17 fún BYD, 18.8 fún Geely, 35.3 fún SAIC, wọ́n ní ìjọba Ṣáínà ń ran àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ Ṣáínà wọlé a máa sọ pé owó òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kéré. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ a máa sọ pé tálákà náà yẹ kó gun ọkọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò bi òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ léèrè.

Níbì kan wọ́n bi í, ibẹ̀ kò sì yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń wó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, níbi tí àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì ń bọ Ṣàngó. Ní ìlú Camaçari, tí kò jìnnà sí Salvador ti Bahia, Ford pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tì ní 2021. BYD ti Ṣáínà gba ibẹ̀. Ìjọba Bràsíìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé owó ibodè ọkọ̀ oníná ga ní ìpele ìpele láti 2024, tí yóò fi dé ìdá 35, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè wá ṣe ọkọ̀ níbẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá 2024, àwọn aṣòfintó iṣẹ́ rí òṣìṣẹ́ Ṣáínà 163 tí alágbàṣe kan kó wá láti kọ́ ilé-iṣẹ́ náà: ibùsùn púpọ̀ kò ní tìmùtìmù, ènìyàn 31 ń lo ilé ìyàgbẹ́ kan, a sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òfin Bràsíìlì, tí kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1888, ní orúkọ fún ìrú nǹkan bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tí ó jọ ti ẹrú. Alágbàṣe náà sọ pé orúkọ náà kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu. BYD sì já àdéhùn tí ó bá a ṣe. Ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fún ọ̀ràn iṣẹ́ gbé BYD àti àwọn alágbàṣe lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí òṣìṣẹ́ 220.

Èyí kò fi hàn pé Ṣáínà nìkan ni ń jẹ òṣìṣẹ́ níyà; ìtàn ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti dáhùn èyí. Ohun tí ó fi hàn ni pé owó ibodè lè fa ilé-iṣẹ́ wọ ìlú, kò sì lè sọ bí a ó ti ṣe ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Òfin mìíràn ni ìyẹn ń fẹ́, àti ẹni tí yóò lọ wo ibi tí wọ́n ń sùn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà kan náà ni ìjọba gbà ní oṣù kẹwàá 2013. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí ó bá dé ní odindi yóò san ìdá 35 owó ibodè àti ìdá 35 àfikún. Èyí tí a tú díẹ̀ yóò san ìdá 5 tàbí 10. Èyí tí a tú palẹ̀ pátápátá kò ní san nǹkan kan. Bí a bá wò ó dáadáa, òfin bọ́lẹ́kájà ni a kọ sínú ìwé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtòkọ̀ dìde. Dangote àti Sinotruk ti Ṣáínà dá tiwọn sílẹ̀ ní Ìkejà, ọkọ̀ akẹ́rù Sinotruk sì wà lára àwọn tí ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí òkè Ọya. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ké gbàjarè pé ọkọ̀ ti wọ́n jù, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò lè tò ó tó. Òfin ìnáwó 2020, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, wá dín owó àfikún orí ọkọ̀ kékeré kù sí ìdá 5, ó sì dín owó ibodè ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì kù sí ìdá 10. Ẹni tí ó ti kọ́ ilé-iṣẹ́ nítorí òfin 2013 ní wọ́n tan òun jẹ. Ẹni tí ń ra ọkọ̀ dúpẹ́.

Nínú gbogbo rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jù ni ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ tí a tò sí Ìkejà kò kan ọmọṣẹ́ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí yóò fi bàjẹ́ ní ojú ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun sì ń fi kọ̀ǹpútà sọ àìsàn rẹ̀, etí àti imú ọ̀gá kò tó mọ́. Ọkọ̀ oníná kò tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì tí ọmọṣẹ́ lè tú, bátìrì rẹ̀ sì lè pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣí. Ètò 2013 dárúkọ ìkọ́niníṣẹ́ lára ohun márùn-ún tí ó gbé karí. Àwọn ohun tó kù ni ó mú àríyànjiyàn wá, a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ìlú kan náà, ọmọṣẹ́ tí ó ti sin ọ̀gá fún ọdún mẹ́ta, tí òbí rẹ̀ ṣì ń san gbèsè owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ni yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí kò sí ẹni tí ó fi inú rẹ̀ hàn án rí.